Amóhùnmáwòrán àti Èdè Àwọn Ará Àgbádárìgì

Nígbàtí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù October, 1959, èdè ilé rí ààyè níbẹ̀. Orí rẹ̀ ni Moses Ọláìyá àti ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ ti pa ará ilé àti ará oko lẹ́rìn-ín. Ní 1977 Ìjọba Àpapọ̀ kó irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sábẹ́ NTA. Láti ìgbà náà, bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ bá ti lù, ẹ̀ka gbogbo a pa tirẹ̀ tì, a sì gba ìròhìn olú-ìlú.

Èmi kò bá ìròhìn náà jà. Ṣùgbọ́n, ẹ̀yin olùkọ́, kíni apẹja Àgbádárìgì ń rí níbẹ̀ nípa òkun tí ń jẹ etíkun rẹ̀, ní èdè Ègùn tí ìyá rẹ̀ fi tọ́ ọ? Ní Kútọnu, tí kò jìnnà sí i, èdè Fọ̀n, ìbátan Ègùn, ní ààyè tirẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán ìjọba. Ìtìjú ni èyí jẹ́ fún wa!

Ní 2021 a ṣí ètò díjítà ní Èkó, èyítí ń kó ìkànnì púpọ̀ sórí ìgbì kanṣoṣo. Nítorínáà, kò sí ẹnití ó lè wí pé ààyè kò sí. Pẹ̀lúpẹ̀lú, foonu ti sọ ọ̀rọ̀ olú-ìlú fún wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Kíni a óò tún tan ẹ̀rọ ńlá sí? Wákàtí kan ní Ègùn lálaalẹ́, pẹ̀lú iye owó ẹja, ìròhìn omi àti àríyànjiyàn àwọn ọmọ ilé-ìwé, ni n óò kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ wọn.