Nigerite, Òkúta Ilẹ̀ Yàgbà

Ẹni tó bá ń gbẹ́ kànga ní Banigbé, ní orílẹ̀-èdè Benin, yóò wa ilẹ̀ pupa títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá kan ohun líle, yangí ni. Ó dìgbà tí èèyàn bá gòkè dé Ìdáàṣà àti Sàbẹ́ kó tó rí àpáta gidi tó yọrí síta. Irú àpáta àtayébáyé bẹ́ẹ̀ ló lọ títí dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà, ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí òkúta tí mo fẹ́ràn jù ti wá.

Nigerite ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ Nàìjíríà gan-an. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Bannister, Hey àti Stadler, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé ní 1947, lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ti rí i nínú iṣan òkúta ní agbègbè Kabba, níbi tí tín wà. Ní 2002, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí ferronigerite-2N1S, ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́ ló dùn lẹ́nu mi.

Ẹ wò ó dáadáa: ó pẹlẹbẹ, ó ní igun mẹ́fà, àwọ̀ rẹ̀ jọ ti obì tó ti gbó, ó sì ń dán. Ó kéré, nítorí náà ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá dání. Mica náà máa ń ní igun mẹ́fà, ṣùgbọ́n èékánná lè bó o ní abala-abala. Nigerite kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó le débi pé òun ló ń ha quartz, quartz kò lè ha á. Òkúta mìíràn tó ń jẹ́ gahnite fẹ́rẹ̀ẹ́ le bíi tirẹ̀, àmọ́ ìyẹn máa ń ṣe bí ewéko tó ṣú, kì í sì í pẹlẹbẹ.

Cassiterite, tí àwọn awakùsà ń wá nítorí tín, ló máa ń tan èèyàn jù, nítorí òun náà máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ìwọ̀n ló ń tú u fó: níbi tí omi bá wọn kílò 1, cassiterite á wọn nǹkan bíi 7, nigerite á wọn 4 àbọ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ á tún gbé cassiterite sórí síńkì, wọ́n á kán ásíìdì hydrochloric tí wọ́n ti bomi là sí i. Láìpẹ́, tín á bo ojú rẹ̀, á sì di eléérú.

Síbẹ̀, ojú àti ọwọ́ kò lè fi òǹtẹ̀ lù ú. Ẹ̀rọ X-ray ní yàrá ìwádìí ló ń parí ọ̀rọ̀, nítorí oríṣi nigerite ju ẹyọ kan lọ, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tó ń wá tín lè fọ́ ọ mọ́ yẹ̀pẹ̀, kó sì dà á nù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí ẹ bá rí pẹlẹbẹ onígun mẹ́fà tó le báyìí, ẹ má yọ ọ́ kúrò lára òkúta tó bá a wá. Ẹ kọ orúkọ ibi tí ẹ ti rí i mọ́ ọn lára, kí ẹ sì gbé e lọ sí yunifásítì tó ní ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ilẹ̀.