Lẹ́búlẹ́bú Tó Mọ Ibi Tí Yóò Lẹ̀ Mọ́

Mélòó nínú wa ni kò ṣe é rí ní kíláàsì? A ó fi ìdí bírò gbo irun orí, a ó sì nà án sí bébà tá a ti ya wẹ́wẹ́. Bébà á fò sókè, á lẹ̀ mọ́ bírò. Òòfà kọ́ ló fà á o: irin ni òòfà ń fà. Bébà, ike àti irun kò kàn án. Iná mànàmáná tí gbígbo kó jọ sára bírò ló ń fa bébà. Àmọ́ kí tíṣà tó wọlé, eré ti parí.

Ní ti Chester Carlson, ọmọ Amẹ́ríkà, eré yẹn ò parí. Físíìsì ló kà, iṣẹ́ ìwé ẹ̀tọ́ àwọn tó ṣẹ̀dá nǹkan tuntun ló sì ń ṣe ní New York. Ẹ̀dà ìwé tí wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀ kì í tó. Kí wọ́n tún un tẹ̀ ni o, kí wọ́n gbé e lọ yà ní fọ́tò ni o, ó ń pẹ́. Ló bá ń wá ọ̀nà tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1938, nínú yàrá kan ní Astoria, ní Queens. Otto Kornei, tó sá wá láti Austria tó ń ran Carlson lọ́wọ́, ti fi imí ọjọ́ bo ojú pẹlẹbẹ síńkì kan. Ó fi yíńkì kọ “10.-22.-38 ASTORIA” sára gíláàsì. Wọ́n bo fèrèsé. Wọ́n fi áńkáṣíìfù gbo imí ọjọ́ náà, bí a ti ń fi bírò gbo orí. Wọ́n gbé gíláàsì lé e, wọ́n tan iná sí i fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan, wọ́n gbé gíláàsì kúrò, wọ́n wá wọ́n lẹ́búlẹ́bú sí i. Wọ́n fẹnu fẹ́ ẹ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ohun tí Kornei kọ ló ṣẹ́kù sójú imí ọjọ́. Wọ́n tẹ bébà onída mọ́ ọn, wọ́n yá a níná, wọ́n ká a kúrò: ẹ̀dà ti dé orí bébà.

Ibi tí mo ti ṣí fìlà fún un rèé. Fífà ò ṣòro. Ọmọ iléèwé ń ṣe é. Kí nǹkan tó ń fà mọ ibi tí yóò ti jọ̀wọ́, iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Nínú òkùnkùn, imí ọjọ́ a di iná mànàmáná mú ṣinṣin. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, a tú u sílẹ̀, iná a sì gba inú síńkì lọ. Abẹ́ lẹ́tà nìkan ni ìmọ́lẹ̀ kò dé, ibẹ̀ nìkan ni iná ṣẹ́kù sí. Òjìji lẹ́tà ni lẹ́búlẹ́bú lẹ̀ mọ́.

Carlson gbé ọgbọ́n yìí kiri, iléeṣẹ́ tó lé ní ogún ló dá a padà. Ọdún 1959 ni Xerox 914, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì tó ń lo ọgbọ́n náà, tó jáde, ọdún 21 lẹ́yìn gíláàsì Astoria.

Lónìí, rólà ti gba ipò pẹlẹbẹ síńkì, iná wáyà ti gba iṣẹ́ áńkáṣíìfù, ọgbọ́n ọjọ́ yẹn ló ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ẹ bá gba fọ́tòkọ́pì sátífíkéètì yín lẹ́nu géètì yunifásítì, tó ṣì ń gbóná lọ́wọ́ yín, ooru tó yọ́ lẹ́búlẹ́bú dúdú mọ́ bébà lára lẹ̀ ń gbọ́ yẹn. Yíńkì la máa ń pè é. Ike tí wọ́n lọ̀ kúnná, tí wọ́n po àwọ̀ dúdú mọ́, ni.