Níbo ni Ọ̀rọ̀ Òṣèré Wọlé sí? Ìró Fíìmù Yorùbá ní Kambolé

Wọ́n máa ń sọ pé Yorùbá inú fíìmù Nàìjíríà kò yé àwọn ọmọ Kambolé, nítorí pé ẹ̀ka-èdè wa yàtọ̀. Mo rò pé ìdájọ́ yìí ti yá jù. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ ìró tí wọ́n ń gbọ́ wò.

Fíìmù tí a fi ìró 5.1 ṣe ní ọ̀nà ìró 6: òsì, ọ̀tún, àárín, méjì lẹ́yìn, àti ọ̀kan fún ìró tó ń dún bí àrá. Àárín ni ọ̀rọ̀ òṣèré sábà máa ń wà. Kí àdàkọ tó ti Sokodé gba Tchamba dé Kambolé lórí fóònù, 6 ti di 2. Bí a bá ṣe é dáadáa, a ó da àárín pọ̀ mọ́ òsì àti ọ̀tún ní ìwọ̀n 0.707. Bí a bá mú òsì àti ọ̀tún nìkan, orin ló máa kù.

Àyípadà yìí kì í pa ohùn fúnra rẹ̀. Ìbòmọ́lẹ̀ ni ìṣòro. Dùndún náà ń fi ohùn sọ̀rọ̀. Bí òun àti òṣèré bá jọ ń gba sípíkà kan jáde, ta ni yóò mọ "o lọ" yàtọ̀ sí "ó lọ"?

Ẹni tó bá fẹ́ fi irú àdàkọ bẹ́ẹ̀ ṣe dátà, kí ó kọ́kọ́ sọ bí wọ́n ṣe yí ìró rẹ̀ padà. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ló ṣẹ̀, etí Kambolé ni a ń dá lẹ́bi.