Fèrè Ìsàlẹ̀ Lékan Anímáṣahun

Nígbà tí a bá ń dárúkọ àwọn tí ó fọn fèrè sasofóònù ní Èkó, orúkọ Fẹlá Aníkúlápó Kútì ni ó sábà máa ń ṣáájú. Àwọn tí wọ́n gbọ́ orin náà jinlẹ̀ a máa fi Igo Chico kún un, ẹni tí fèrè rẹ̀ gba iwájú nínú àwọn àwo Africa 70 àkọ́kọ́. Nígbà tí ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, Fẹlá tìkára rẹ̀ bọ́ sí ipò rẹ̀, a sì gbọ́ ọ nínú àwo Gentleman ti ọdún 1973. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà nínú ẹgbẹ́ kan náà tí àwọn tí ń ṣe ìtúpalẹ̀ orin kì í fi bẹ́ẹ̀ dárúkọ: Lékan Anímáṣahun, Baba Ani, tí ó ń fọn sasofóònù ńlá olóhùn ìsàlẹ̀.

Ọdún 1965 ni ó wọ ẹgbẹ́ Koola Lobitos, nígbà tí Fẹlá ṣì ń da jáàsì pọ̀ mọ́ háílàìfù. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí Shrine wà ní Ìdí-Òro, Muṣin, tí kò jìnnà sí Ṣómólú àti Bàrígà, orin kan ṣoṣo lè gba ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní abẹ́ gbogbo rẹ̀, fèrè Anímáṣahun yóò máa tún gbólóhùn kúkúrú kan náà wí.

Àwọn kan lè wí pé ẹni tí ń tún gbólóhùn kan náà fọn kì í ṣe ògbóǹtarìgì, nítorí pé àdáṣe ni a fi ń mọ akọni nínú jáàsì. Òṣùwọ̀n yẹn kò bá orin yìí mu. Ẹni tí ó bá mọ ìlù dùndún yóò tètè rí i. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, òun ni ó ń ki ènìyàn, òun ni a sì ń náwó fún. Ṣùgbọ́n bí kẹríkẹrì, ìṣáájú àti gúdúgúdú bá dákẹ́, ẹsẹ̀ oníjó yóò ta kókó. Ipò wọn ni fèrè ìsàlẹ̀ wà. Iṣẹ́ náà kò sì rọrùn: èémí ni afọnfèrè fi ń ṣe é, a sì ń retí pé kí gbólóhùn ogójì wúwo bí ti àkọ́kọ́.

Ní 1978, lẹ́yìn àríyá jáàsì ìlú Berlin, Tony Allen àti ọ̀pọ̀ ẹlòmíràn kúrò. Anímáṣahun dúró. Ẹgbẹ́ náà di Egypt 80, òun sì di olórí àwọn eléré. Nígbà tí Fẹlá kú ní 1997, tí Ṣeun ọmọ ọdún mẹ́rìnlá bọ́ síwájú, ó ṣì wà níbẹ̀.

Àwo tirẹ̀, Low Profile, ni ó fi ohun tí ìdúró yìí ná an hàn. Àwọn fèrè ibẹ̀ ṣe rẹ́gí, ṣùgbọ́n ìgbékalẹ̀ orin náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé ìgbà tí ohùn ènìyàn wọlé, ti Fẹlá ni. Ẹni tí ó bá ń wá ohùn Anímáṣahun fúnra rẹ̀ níbẹ̀ yóò wá a tì, àbùkù kékeré sì kọ́ nìyẹn. A-ní-má-ṣahun: ẹni tí ó ní, tí kò sì háwọ́. Ó dàbí ẹni pé ó ti fún orin ẹlòmíràn ní èyí tí ó pọ̀ jù. Ọdún 1979 ni wọ́n gba àwo náà sílẹ̀. Kò jáde títí di 1995. Ní gbogbo ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn, ẹgbẹ́ Fẹlá ni ó wà.