Àkọtọ́ àti Ìtumọ̀ Nínú Àtúntẹ̀ Orin Ambrose Adékọ̀yà Campbell

Ní ọdún 2006 ni ilé-iṣẹ́ Honest Jon's ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àtúntẹ̀ orin Ambrose Adékọ̀yà Campbell gẹ́gẹ́ bí apá kẹta ọ̀wọ́ àwo tí wọ́n pè ní London Is the Place for Me. Èkó ni wọ́n ti bí akọrin yìí ní 1919. Ọdún tí àtúntẹ̀ náà jáde gan-an ni ó papò dà. Òun ni olórí ẹgbẹ́ West African Rhythm Brothers, tí wọ́n ṣeré ní gbangba Piccadilly nígbà tí ogun parí ní Yúróòpù ní 1945. (Ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà.) Ilé-iṣẹ́ Melodisc ni ó kọ́kọ́ gbé orin wọn jáde.

Orin Lord Kitchener ni wọ́n ti mú àkọlé ọ̀wọ́ àwo náà. Ó bá Kitchener mu, ẹni tí ó bá ọkọ̀ Windrush dé Lọ́ńdọ̀nù ní 1948. Kò bá Campbell mu tó bẹ́ẹ̀. Ní Soho, láàrin ọ̀pọ̀ tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, Yorùbá ni ó fi ń kọrin. Àtúntẹ̀ náà fi í sínú ìtàn Lọ́ńdọ̀nù. Ipò rẹ̀ nínú lítíréṣọ̀ Yorùbá kù sọ́wọ́ àwọn olùkọ́ Yorùbá.

Àkọtọ́ ni ó yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Lára àwọn àkọlé rẹ̀ ni “Iku Koni Payin”, láìsí àmì ohùn kankan. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni wọ́n fún pọ̀ sí mẹ́ta: ikú kò ní pa yín. Ìwúre ni. Ẹni tí ó bá ka “Koni” sí “kọ́ ni” ti sọ ìwúre di àríyànjiyàn. “Omo Laso” le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ “ọmọ laṣọ”, gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́ ni, èrò àtayébáyé sì ni pé ọmọ ni ó ń bo òbí láṣìírí. Bí ó bá jẹ́ “ọmọ́ láṣọ”, ọ̀rọ̀-ìṣe “ní” ni ó wà níbẹ̀, kò sì ju pé ẹnì kan ní ẹ̀wù lọ. Ẹnu akọrin ni ìdáhùn wà, kì í ṣe ara páálí àwo.

Ní ti ìṣeré, gìtá àti ìlù ni ìpìlẹ̀; nígbà tí ó yá ni àwọn afunfèrè láti Karibéànì, bíi Harry Beckett ọmọ Barbados, fi adùn jáàsì kún un. Àwo àtijọ́ kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lójú kan. Jùjú òde àríyá kò mọ irú òdiwọ̀n bẹ́ẹ̀. Èyí kò ba orin jẹ́, ó kàn sọ ọ́ di ṣókí. Oríkì ni ó fara gbá a.

Ère òkúta Èsìẹ́ lé ní 800, a kò sì mọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn, nítorí pé wọn kò bá ohùn wá. Orin Campbell bá ohùn wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè da orin ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí kọ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé yóò lè gbìyànjú èyí tí ó le jù: ohùn àwọn àgbà Òmù-Àrán ní ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà.