Kọnkéré Inú Àhámọ́: Àgbéyẹ̀wò Àwòṣe Mander, Priestley àti Park Lójú Òpó Ilé ní Ìdànrè

Ìfáàrà

Àwòṣe tí Mander, Priestley àti Park ti Yunifásítì Canterbury ní New Zealand gbé jáde ní 1988 wà lára èyí tí àwọn onímọ̀ ìkọ́lé ń lò jù lọ láti ṣírò bí kọnkéré inú àhámọ́ ṣe ń sún kì lábẹ́ ẹrù. Kọnkéré inú àhámọ́ ni èyí tí òrùka irin, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní ríńgì, yí ká nínú òpó. Iṣẹ́ yìí ń wádìí ohun tí àwòṣe náà lè sọ nípa òpó ilé ní Ìdànrè, ìlú tí òkè gráníìtì yí ká, níbi tí ó rọrùn láti gbà pé líle òkúta ni líle ilé.

Orírun Àwòṣe Náà

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún ni Considère ní ilẹ̀ Faransé ti fi hàn pé òrùka ń fún kọnkéré lágbára. Ní 1928, Richart, Brandtzaeg àti Brown ní Illinois rí i pé ìwọ̀n kan tí a bá fi há kọnkéré mọ́ láti ẹ̀gbẹ́ ń fi bí ìwọ̀n mẹ́rin kún agbára rẹ̀. Ní 1971, Kent àti Park kò ka àfikún agbára yìí sí. Lójú tiwọn, iṣẹ́ òrùka ni kí òpó má baà tètè rún lẹ́yìn góńgó agbára rẹ̀. Àwòṣe 1988 so èrò méjèèjì pọ̀. Nínú rẹ̀, bí agbára bá fi ìdá 30 nínú 100 pọ̀ sí i, ìsúnkì ní góńgó á kúrò ní 0.002, á di 0.005. Ó hàn gbangba pé sùúrù ni òrùka ń fún òpó ju agbára lọ.

Ibi Tí Ó Ti Tayọ

Bí okùn ti rí lára ìdì igi ni òrùka rí lára òpó: bí okùn bá jìnnà síra, àárín wọn á wú. Àwòṣe náà ṣírò wíwú yìí. Fún òpó onígun mẹ́rin tí inú òrùka rẹ̀ jẹ́ mílímítà 200, bí àlàfo láàrin òrùka bá jẹ́ 100, ìdá 56 nínú 100 àhámọ́ ni ó kù. Bí ó bá di 200, ó di ìdá 25. Irin tí ń há òpó mọ́ náà sì ti dín sí nǹkan bí ìdajì. Nítorí náà, àǹfààní tó ṣẹ́ kù kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ti àkọ́kọ́.

Ibi Tí Ó Kù Sí

Àkọ́kọ́, àwòṣe náà gbà pé òrùka yóò di ẹnu rẹ̀ mú títí irin yóò fi já. Bí a kò bá tẹ ẹnu òrùka wọ inú òpó, tí a kàn ṣẹ́ ẹ sí abẹ́ èèpo, yóò là nígbà tí èèpo bá ṣí. Òpó tí kò sí ni ìyókù ìṣirò ń ṣàpèjúwe.

Èkejì, àwòṣe náà gbà pé a ti mọ agbára kọnkéré kí a tó há a mọ́. Níbi iṣẹ́, omi àpọ̀jù lè ba ìyẹn jẹ́. Òkúta Ìdànrè kò sì lè gbà á là, nítorí pé nínú kọnkéré tó wọ́pọ̀, ẹ̀gbẹ́ òkúta àti inú sìmẹ́ńtì ni sísán ń gbà, kì í la òkúta kọjá.

Àwọn kan lè sọ pé ìmìtìtì ilẹ̀ ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe àwòṣe náà, kò sì wọ́pọ̀ níhìn-ín. Ṣùgbọ́n àjà tí onílé fi kún ilé lẹ́yìn ọdún díẹ̀ náà jẹ́ ẹrù àìròtẹ́lẹ̀. Nígbà tí èèpo òpó bá ṣí, inú tí a há mọ́ ni yóò gba ẹrù náà, tí àwọn ènìyàn yóò fi ráyè jáde.

Àgbálọgbábọ̀

Ní 1 Oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà 21 wó ní Ìkòyí, Èkó. Ó lé ní 40 ènìyàn tó kú. Ọ̀ràn ríńgì nìkan kọ́ ni ilé wíwó, ṣùgbọ́n ó fi iye tí ìkìlọ̀ ní hàn. Ìmọ̀ràn tó tọ́ ni pé kí a ka àwòṣe 1988 gẹ́gẹ́ bí òfin àyẹ̀wò kí a tó kà á gẹ́gẹ́ bí ìṣirò: kí a wọn àlàfo òrùka, kí a wo ẹnu rẹ̀, kí a dán kọnkéré wò. Ibi tí àyẹ̀wò wọ̀nyí kò bá ti wáyé, nọ́ńbà tó jáde nínú àwòṣe náà kò gbé òpó kankan ró.