Aṣọ Ọ̀fọ̀ Áhábù àti Ọgbà Nábótì

Ọ̀pọ̀ oníwàásù máa ń fi ìtàn Áhábù, nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 21, kọ́ wa pé aláàánú ni Ọlọ́run. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún ìtàn náà kà, ọ̀rọ̀ Nábótì ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Nábótì kọ̀ láti ta ọgbà àjàrà rẹ̀ fún ọba nítorí pé ogún àwọn bàbá rẹ̀ ni. Jésébẹ́lì aya ọba kọ ìwé ní orúkọ Áhábù. Wọ́n wá ẹlẹ́rìí èké méjì, wọ́n sì sọ Nábótì lókùúta pa. Áhábù lọ gba ọgbà náà. Ibẹ̀ ni wòlíì Èlíjà ti bá a, tó sì kéde ìparun sórí òun àti ilé rẹ̀. Áhábù fa aṣọ rẹ̀ ya, ó wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó gbààwẹ̀. Nígbà náà ni Ọlọ́run sọ pé ibi náà kò ní dé sórí ilé rẹ̀ ní ìgbà ayé rẹ̀, bí kò ṣe ní ìgbà ọmọ rẹ̀.

Ohun tí òǹkọ̀wé náà kò sọ ni mo ṣàkíyèsí. Kò sí ibi tó ti sọ pé Áhábù dá ọgbà náà padà fún ẹbí Nábótì. Ẹ fi èyí wé àwọn ará Nínéfè nínú Ìwé Jónà. Àwọn náà gbààwẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n ọba wọn tún pàṣẹ pé kí kálukú jáwọ́ nínú ìwà ipá tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí kẹta sọ pé iṣẹ́ wọn ni Ọlọ́run rí. Nínéfè bọ́ lọ́wọ́ ìparun tí Jónà kéde. Ti Áhábù, wọ́n kàn sún un síwájú ni.

Ọ̀rọ̀ yìí yé àwa ọmọ Ìdànrè, nítorí oko kòkó ni ọ̀pọ̀ ẹbí wa jogún. Ẹnì kan hú pèrègún tí bàbá mi àgbà gbìn sí ààlà oko rẹ̀, ó sì gba apá kan níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ó wá dọ̀bálẹ̀, ó sunkún. Bàbá àgbà ní kó dìde. Títí di òní, òun ló ń ká kòkó ibẹ̀. Nígbà tí mo béèrè, bàbá àgbà ní, “Àyè ni mo fún un, n kò fún un ní ilẹ̀.” Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ kí ìtàn Áhábù yé mi.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ? Ìbéèrè tó le ni. Ṣùgbọ́n ọdún 12 ni Jórámù ọmọ Áhábù fi jọba, a kò sì kà á níbì kankan pé ó dá ilẹ̀ náà padà. Nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì orí 9, Jéhù ta á lọ́fà, ó sì ní kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ jù sí oko Nábótì. Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn. Lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, òǹkọ̀wé kò pè é ní oko Áhábù.

Lójú tèmi, ìtàn yìí kò sọ pé ẹkún tó. Bí ìdájọ́ bá pẹ́, ó pẹ́ kí a lè dá nǹkan oní-nǹkan padà ni.